Tó bá ń dùn yín nídìí root canal, ẹ nawọ́ sókè o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ ṣe root canal, ìyẹn kí wọ́n fọ inú eyín tó ti jẹrà kí wọ́n sì dí i, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Eyín ńlá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni tèmi, ó ti jẹrà dénú, tí n bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́ ló máa ń le, omi gbígbóná kékeré báyìí á kàn án, á máa ta mí títí.

Dókítà eyín gún mi lábẹ́rẹ́, ètè mi kú, ahọ́n mi kú lápá kan, ó ní ṣé ó ti kú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àfi bó ṣe lu ihò sí eyín dénú tí irin tín-ín-rín yẹn kan iṣan. Yéè! Láti àgbọ̀n ló ti ta dé etí, omijé ń ṣàn wọ etí mi níbi tí mo sùn sí, mo di ọwọ́ àga mú gírígírí, ó ní kí n fara dà á, ó ti fẹ́ parí. Irọ́ ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, ara mi gbọ̀n látòkè délẹ̀. Ni mo bá nawọ́, mo ní "Ẹ dúró ná, dókítà, ẹ jọ̀ọ́." Ojú ẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó gún òmíì sínú eyín gan-an, ó ta mí díẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì dákẹ́. Ó fọ inú ẹ̀, ó dí i, mo lọlé.

Ẹlòmíì á ní mi ò lè fara da nǹkan ni. Rárá o, mo ti bímọ, mo mọ ìrora. Bí iṣan eyín bá ti wú, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í sábà ràn án, pàápàá eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, bí ètè tiẹ̀ kú. Ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan tútù kan eyín ọ̀hún kí wọ́n tó lù ú, bẹ́ ẹ bá ṣì mọ òtútù ẹ̀ lára, ó di kí wọ́n gún òmíì. Ẹ sì jọ ṣàdéhùn pé tẹ́ ẹ bá ti nawọ́, kí wọ́n dúró.

Antibiotic nìkan ò wo eyín báyìí o, ìdọ̀tí inú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ nawọ́ o, mo tún sọ ọ́, ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ fara dà á. Ẹ sì padà lọ ṣe crown, ìyẹn ìdérí tí wọ́n máa ń fi bo eyín, torí eyín ẹ̀yìn tí ò ní crown lè là, tó bá sì là dé gbòǹgbò, àfi kí wọ́n yọ ọ́.