"Kà á fún mi ní Yorùbá": àyẹ̀wò ọdún 2025 mi

Nígbà tí mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi ti ọdún yìí láàárọ̀ òní, mo rí i pé GRE, ìdánwò tí ẹni tó fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe, ló gba ojú ewé tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ mi kò gbà tó o. Ìgbéyàwó àbúrò mi kò gbà tó o. Àìsàn tó ṣe màmá mi ní oṣù karùn-ún, tí gbogbo wa ń pààrọ̀ ara wa sùn sí ọsibítù, ojú ewé mẹ́ta péré ni. (Màmá ti yá, a dúpẹ́.) Nítorí náà, ọ̀rọ̀ GRE yìí ni n ó fi ṣe àyẹ̀wò ọdún mi. Àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ṣe é kò yé bi mí bí mo ṣe rí olùkọ́ tó kọ́ mi ní Verbal (apá ìdánwò náà tó jẹ́ ti òye èdè Gẹ̀ẹ́sì), iye tí mo san, àti bóyá ó tó ohun tí èèyàn ń náwó sí.

Two-two ni mo mú jáde ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko ni mo kà. Ẹni tó bá ti mú two-two jáde tó sì tún fẹ́ lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ó nílò nǹkan mìíràn tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Mo gbà pé GRE ni nǹkan náà. Àmọ́ láti ìgbà Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní àwọn yunifásítì ibẹ̀ kò ti fi dandan bèèrè rẹ̀ mọ́. Nínú mẹ́fà tí mo kọ sílẹ̀, méjì ló ṣì ń bèèrè rẹ̀, ọ̀kan ní ẹni tó bá ní in lè fi ránṣẹ́, mẹ́ta ní àwọn kò fẹ́ rí i rárá. Oṣù kẹfà ni mo tó kọ̀wé sí wọn tí mo fi mọ èyí. Oṣù kìíní ló yẹ kí n ti kọ ọ́, kí n tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé ná.

Ìṣirò kì í ṣe ìṣòro mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é ní oṣù kẹrin, 161 ni mo gbà nínú Quant, apá ìṣirò. Verbal ni máàkì rẹ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà ní 146, nínú ìdánwò tí máàkì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 130 tó sì parí sí 170. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà yẹn títí ẹni tó ń mójú tó yàrá náà fi fọwọ́ kàn mí léjìká.

Kì í ṣe pé mi ò kọ́ ọ. Láti oṣù kìíní ni mo ti forúkọ sílẹ̀ níbi kan nílùú Ìbàdàn níbí, ₦80,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A tó ogójì nínú yàrá kan. Ìwé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n há fún wa, iṣẹ́ wa sì ni kí a há a sórí, kí a wá máa kà á jáde lọ́jọ́ Sátidé bí ọmọ ilé kéwú. Mo há a sórí. Títí di òní, bí ẹ bá jí mi lóru tí ẹ ní "perfidy", n ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo wọ yàrá ìdánwò, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára ìdáhùn, èyí tí n ó mú níbẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn 146, mo wá olùkọ́ mìíràn, ẹni tó gbà 168 nínú Verbal. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń pàdé, ₦15,000 ní wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin la sì ṣe é. Orí ẹ̀gbọ́n yìí pé gan-an, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí mo bá ka ìbéèrè tán, wọ́n ti rí ìdáhùn. Bí mo bá ní kí ló dé tó fi jẹ́ C, wọ́n á ní, "Wò ó dáadáa, ṣé o ò rí i ni?" Mi ò rí i. Wọn ò sì bi mí rí bí mo ṣe dé B tí mo mú. Ohun tó wà lórí mi nígbà tí mo mú B gan-an ni àìsàn tí mo gbé wá fún wọn wò, a kò sì kàn án.

Láàárín àkókò yẹn ni ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti gbà kí èèyàn máa ṣe GRE láti ilé, òun á bá mi ṣe é, kí n sáà san ₦600,000. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ èèyàn, tí wọ́n sì lè wọ́gi lé máàkì ẹni tí wọ́n bá mú, irú wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fura sí máàkì àwa tí a fi òru kàwé. Mo pa á rẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ló júwe Bàbá fún mi ní oṣù kẹfà. Ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn ni ilé fún àwọn ilé ìtẹ̀wé. Olóòtú ni Bàbá, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ka ìwé àwọn ẹlòmíràn kó tó wọ ẹ̀rọ, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sílé wọn ní Jẹ́ríkò. Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi bírò pupa tún ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

"Mi ò gbọ́ orúkọ ìdánwò yìí rí," ni wọ́n wí. "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni Verbal pín sí: ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, lẹ́yìn náà 15 ní ìṣẹ́jú 23. Bí o bá ṣe ṣe sí nínú ti àkọ́kọ́ ni wọn yóò fi mọ bí èkejì yóò ṣe le tó. Àwọn kan jẹ́ gbólóhùn tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan, méjì tàbí mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, tí o mú méjì tó tọ̀nà, òfo ni. Àwọn kan ní kí o mú ọ̀rọ̀ méjì nínú mẹ́fà, èyí tí gbólóhùn méjèèjì tí wọ́n bá mú jáde yóò fi jọ ara wọn ní ìtumọ̀. Ìyókù jẹ́ àyọkà tí èèyàn ń kà, tí á sì dáhùn ìbéèrè lé lórí. Mo fi díẹ̀ hàn wọ́n nínú PowerPrep, ìdánwò ìdánrawò tí ETS tó ni GRE fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti fúnra wọn kọ gbólóhùn kan sórí pépà, ó jọ ti inú ìdánwò náà: "Her praise was so qualified that the author could hardly tell it from ____." Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sábẹ́ rẹ̀: acclaim, flattery, censure, envy, indifference. Mo mú flattery.

"Kà á fún mi ní Yorùbá."

Mo ní, "Ìyìn obìnrin náà kún ojú òṣùwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkọ̀wé náà kò fi fẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìpọ́nni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé qualified ni kíkún ojú òṣùwọ̀n?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nínú ìpolówó iṣẹ́ nìyẹn, sà."

Bàbá yọ awò ojú wọn. "Bí mo bá ní ọmọ yìí dáa, àmọ́ ó lẹ́nu, ọmọ yìí dáa, àmọ́ ó máa ń pẹ́, ọmọ yìí dáa, àmọ́ kì í kí èèyàn. Ìyìn wo ló kù níbẹ̀?"

"Kò kù kankan, sà."

"Àwọn àmọ́ yẹn ló ń jẹ́ qualified. Wá mú ìdáhùn rẹ."

Censure ni. Ìbáwí. Ojú mi là bí ìgbà tí èèyàn tan iná sí yàrá tó ti ń táràrà nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo mọ censure tẹ́lẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí mo há. Qualified ni kò sí níbẹ̀, torí gbogbo èèyàn gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ₦5,000 ní ìjókòó kan. Bàbá á fi àpò ìwé bo àwọn ìdáhùn mọ́lẹ̀, n ó ka gbólóhùn náà ní Yorùbá, n ó sì fi Yorùbá sọ ohun tó yẹ kó wà ní àlàfo náà kí wọ́n tó ṣí i fún mi. Ibi tí Yorùbá bá ti há mọ́ mi lẹ́nu, ibẹ̀ ni òye mi dé. Kò sí bí mo ṣe lè fi ara pamọ́, nítorí mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì geere kó má yé mi, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ Yorùbá tí kò yé mi.

Bàbá ń kọ àṣìṣe mi sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n fi hàn mí. Ọ̀rọ̀ ńláńlá kò pọ̀ nínú rẹ̀. Want tó túmọ̀ sí àìní ló wà níbẹ̀, check tó túmọ̀ sí dídá nǹkan dúró, temper tó túmọ̀ sí kí á dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àti sanction tó lè jẹ́ ìyọ̀ǹda, tó sì lè jẹ́ ìjìyà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka "anything but simple" bí ẹni pé ó ní kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ìrọ̀rùn lọ, nígbà tó jẹ́ pé kò rọrùn rárá ló ń wí. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "for all his learning", tó ti ń dà mí láàmú tipẹ́. Bàbá ní, "Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà nì!" Ohùn tí màmá mi fi máa ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dà mi gan-an ni. N kò ṣì í mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tí Bàbá kò lè fún mi ni ìyára. Wọn kì í kánjú ka nǹkan kan, àyọkà kan lè gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo fi aago dán ara mi wò ní oṣù kẹjọ, 9 ni mo ṣe nínú 12 tí àkókò fi tó. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá ń fi aago fóònù ṣe é fúnra mi lálaalẹ́, bí NEPA bá mú iná lọ, n ó lo iná lámpù. Mo kọ́ láti sàmì sí èyí tó bá le, kí n fò ó, kí n sì padà sí i, torí ìdánwò náà gbà bẹ́ẹ̀ bí èèyàn kò bá tíì kúrò ní apá tó wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá olùkọ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ aago wà lọ́tọ̀, èèyàn lè dá a ṣe. Ìwé kíkà gan-an ni n kò lè dá ṣe.

Bí mo bá tún fẹ́ wá olùkọ́ lónìí, mi ò ní bèèrè máàkì rẹ̀. Ìbéèrè kan tí mo ti kùnà ni n ó gbé fún un, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo mú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé èyí tó tọ̀nà, n ó dúpẹ́, n ó máa lọ. Bó bá bi mí pé, "Kí lo rò tí o fi mú èyí?", n ó san owó rẹ̀.

Owó náà nìyí. Olùkọ́ àkọ́kọ́, ₦80,000. Èkejì, ₦60,000. Bàbá, ìjókòó 26, ₦130,000. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì, 220 dọ́là lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦350,000 ní oṣù kẹrin àti ₦330,000 ní oṣù kẹsàn-án. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦950,000, ó ju owó oṣù mi mẹ́fà lọ. Ó dùn mí pé mo pẹ́ kí n tó gbọ́ nípa Opportunity Funds ti EducationUSA (ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn), ètò tí wọ́n fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé tí kò lówó gbé irú ìnáwó báyìí.

Ní oṣù kẹsàn-án, Verbal mi jẹ́ 157. Ọdún márùn-ún ni yóò fi wúlò, èmi ni n ó sì yan èyí tí n ó fi ránṣẹ́, 146 lè jókòó sí ilé rẹ̀. Mo ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún Bàbá. Wọ́n gbàdúrà fún mi, ó gùn, mo sunkún.

Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí méjì. Ti ẹ̀kẹta yóò tì ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé lẹ́tà tí mo fi ń sọ ìdí tí mo fi fẹ́ wá kàwé lọ bá Bàbá. Wọ́n kà á láìsọ̀rọ̀, wọ́n fi bírò pupa fa igi yí gbólóhùn kejì ká, èyí tí mo rò pé ó dáa jù nínú rẹ̀, wọ́n sì tì í padà sọ́wọ́ mi.

"Kà á fún mi ní Yorùbá."

Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ti wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ náà, mo sì ti ń kọ òmíràn.