Ohun tí ariwo géèmù ìbọn kò jẹ́ kí n rí

Rédíò kì í kú ní ṣọ́ọ̀bù mi. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, l'Ábújá, etí sì lọwọ́ mi méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé kan, mo ń ran búbà oníbàárà kan tó fẹ́ lọ sí ìdáná, ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ lórí ètò pé géèmù oníbọn ló ń sọ àwọn ọmọ wa di apànìyàn, pé kí òbí tó bá rí i lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tètè gbà á kí ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń gbé Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá. A kò tíì gbàgbé bí àwọn agbébọn ṣe kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ọkọ mi ti wọ ọkọ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́ láìmọye ìgbà.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti inú yàrá: “Ó wà lẹ́yìn ẹ! Yìn ín! Orí ni kó o yìn!” Àkànní, ọmọ ọdún 13, ọmọ tí kì í lè wo adìẹ tí wọ́n bá ń pa á. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárín bọ́bìn àti ṣọ́ọ̀kì, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fóònù fi wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú agolo tí mo ń kó owó iṣẹ́ sí. 500 náírà lónìí, 1,000 lọ́tunla. Olùkọ́ lẹ́sìn, ẹni tó ń kọ́ Àkànní lẹ́yìn ilé ìwé, tún pè mí pé òun kò tíì rí owó oṣù, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo kà á lé ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó lé géèmù ìbọn lórí. Mo ní ohun tó wọ inú ọmọ yìí kò tíì jáde. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí.

Ìgbà náà ni àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe olùkọ́ ní Gwagwalada, wá kí wa. Ìmẹ̀kọ la ti wá, ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́dọ̀ wa, alẹ́ tó ṣáájú ìjáde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ti Ẹ̀fẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ á sì fi orin sọ ohun tí gbogbo ìlú ń fi ẹnu pa mọ́, kò sí olówó tàbí olóyè tí kì í bú. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Bí mo ṣe rojọ́ tán, ó fa ìgbakọ yọ nínú ìkòkò àmàlà, ó gbé e sẹ́nu bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì yí ohùn padà bíi ti akàròyìn:

“Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́: bàbá ẹni 70 ọdún kan ti jẹ gbogbo ọmọ ayò 48 tó wà nínú ọpọ́n. Bàbá náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti pa ọ̀rẹ́ òun láyò. Àwọn ọlọ́pàá ń wá òkú. Àwọn onímọ̀ ní láti kékeré ni bàbá náà ti ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá, níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí iṣu àna ẹni wà. Wọ́n ní kí gbogbo òbí dáná sun ọpọ́n ayò kí oòrùn tó wọ̀.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Inú bí mi. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ìgbakọ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó dẹ́rù bà yín ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ti jókòó ti Àkànní wo géèmù yẹn rí?” Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ariwo yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1976, ní Amẹ́ríkà, géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Death Race. Èèyàn á máa wa ọkọ̀ kékeré kan, á máa fi kọlu àwọn ère tó ń sá kiri. Bí ó bá gbá ọ̀kan, á ké, àgbélébùú á sì yọ níbi tó ṣubú sí. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Àmì tíntìntín funfun lásán ni, bí ìgbà tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ dúdú, òun náà ni wọ́n sì pariwo lé lórí nígbà yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, àwọn aṣòfin àgbà wọn jókòó lórí géèmù ìjà kan tó ń jẹ́ Mortal Kombat àti àwọn míì. Ìjókòó yẹn ló fa àjọ ESRB tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tó ń lẹ àmì ọjọ́ orí mọ́ géèmù, èyí tí mo kà sí iṣẹ́ gidi. Nígbà tó di 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ wọ́gi lé òfin ìpínlẹ̀ California tó ní kí wọ́n má ta géèmù oníwà ipá fún ọmọdé, adájọ́ 7 sí 2. Adájọ́ Scalia tó kọ ìdájọ́ náà rán wọn létí pé nínú ìtàn tí àwọn ara ibẹ̀ ń sọ fún ọmọdé, ọmọ méjì ló fi ààrò sun obìnrin tó há wọn mọ́lé. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Ìjàpá tó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Gbogbo àlọ́ tí ìyá mi pa fún mi ló ní olè tàbí ikú nínú.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Ní 2020, wọ́n ní géèmù oníwà ipá ní í ṣe, díẹ̀, pẹ̀lú ìwà bíi kí ọmọ máa pariwo tàbí kó máa ti ẹlòmíì, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé òun ló ń fa ìwà ipá gidi. Ariwo ni èmi náà gbọ́ nínú yàrá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ariwo yẹn ni mo sọ di òkú.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo gbé fóònù fún Àkànní, mo ní kó gbá a kí n máa wò ó. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé Karu ni wọ́n jọ ń ṣe é, wọ́n ń pe ara wọn bí àwọn tó ń lé bọ́ọ̀lù lórí pápá. Bó ṣe gbé e sílẹ̀, mo bi í pé, “Àkànní, owó ńkọ́?” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìgbà tẹ́ ẹ gba fóònù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù.”

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó mú mi lọ. Bẹ́ńṣì méjì, tẹlifíṣàn mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìbọn kankan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá lójú tẹlifíṣàn. Ká ní mo kọjá níwájú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé eré ire ni àwọn ọmọ ń ṣe. Àkànní wá fi sálúbàtà kan tó wà nílẹ̀ láàárín ọmọ méjì hàn mí. Owó wà lábẹ́ rẹ̀, 500 ti eléyìí, 500 ti tọ̀hún. Ẹni tó bá borí á kó gbogbo rẹ̀, ẹni tí wọ́n nà á tún san owó eré. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n nà án. Mo rí i bó ṣe tú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wò bóyá owó kù níbẹ̀.

Tẹ́tẹ́ ni. Ibẹ̀ ni owó lẹ́sìn lọ. Èmi ni mo sì lé ọmọ mi síbẹ̀, nítorí pé mo gbájú mọ́ èyí tó ń dún bí ìbọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ jókòó ti ọmọ yín kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́ yín. Nígbà tó ń kọ́ mi ni mo mọ ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé àjèjì lè wọ inú ọ̀rọ̀ náà bí a kò bá ti ibẹ̀ pa. Ẹ wo àmì ọjọ́ orí: nínú àmì ESRB, M túmọ̀ sí ọdún 17 sókè. Èmi àti bàbá rẹ̀ rí i lára ti Àkànní, a yọ ọ́, a fi òmíràn rọ́pò. Ó bínú, mo sì jẹ́ kó bínú. Ẹ wo oorun rẹ̀ àti iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní àìsàn géèmù nínú ìwé àìsàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ẹni náà kò bá lè ṣíwọ́ mọ́, tí géèmù gba ipò gbogbo nǹkan míì, tó ń ba ayé rẹ̀ jẹ́ tí kò sì dá a dúró, fún bí oṣù 12. Ó lè jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù, ó lè jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù tó ń já sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi í léèrè owó, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ká ní mo ti béèrè ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni, kò bá má tó báyìí.

Àwa ìyá mẹ́ta ti lọ bá ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fún wa ní ìjókòó, ó sì gbà pé ọmọ tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù kò ní wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ owó abẹ́ sálúbàtà ni kò tíì yanjú. Ó ní òun kọ́ ló ń ta tẹ́tẹ́, àwọn ọmọ ló ń ta á láàárín ara wọn. A óò padà lọ ní Sátidé, àwọn bàbá náà yóò bá wa lọ.