Omi Náà Ńkọ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń múra láti ka kẹ́mísírì, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàlàyé fún yín bí ohun abẹ̀mí ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Omi náà ńkọ́?" Ó pẹ́ kí ìbéèrè yìí tó yé mi, ìwé wa kì í bi í.

Ohun tí ìwé máa ń sọ ni ti Stanley Miller. Ní 1953, Yunifásítì Chicago ló wà, Harold Urey sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ó kó méthéènì, amóníà, háídrójìn àti omi tó ń hó sínú ìgò tí wọ́n dé pa, ó wá jẹ́ kí iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì máa ta pàrà níbẹ̀ bíi mànàmáná. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, omi náà ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa pé, ó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, kò mọ́ gaara mọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá glycine àti alanine níbẹ̀. Amino acid ni wọ́n, àwọn tí purotéènì fi ń di purotéènì.

Ibẹ̀ ni a máa ń pàtẹ́wọ́ sí, tí a ó sì pa ìwé dé. Àmọ́ kí amino acid méjì tó so pọ̀, omi gbọ́dọ̀ jáde láàárín wọn. Bí omi bá wá yí wọn ká wítí, wọn kì í fẹ́ so. Èyí tó ti so gan-an, omi á máa tú u díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ RNA, molecule tó ń gbé ìsọfúnni nínú ohun abẹ̀mí, náà ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìyè kankan tí a mọ̀ tí kò nílò omi. Wàhálà dé!

Ìdí nìyẹn tí èmi fi fara mọ́ àwọn tó ní ibi tó ń gbẹ tí omi tún ń padà sí ni ìyè ti bẹ̀rẹ̀. Charles Darwin, ẹni tó ṣàlàyé bí ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, fúnra rẹ̀ mẹ́nu ba adágún kékeré tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Joseph Hooker, ní 1871. Ẹ lọ wo kòtò etí ọ̀sà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: omi á fà, ẹrẹ̀ á sán, ohun tó yòrò sínú ìwọ̀nba omi tó kù á wá ki. Bí ó bá gbẹ, àǹfààní ìsopọ̀ dé. Bí òjò bá tún rọ̀, gbogbo rẹ̀ á tún dà pọ̀ mọ́ra.

Àwọn mìíràn ní ìsàlẹ̀ òkun ni, níbi tí omi gbígbóná ti ń ru jáde láti inú àpáta, irú Lost City tí wọ́n rí ní Àtìláńtíìkì ní 2000. Wọ́n ní ihò wẹ́wẹ́ inú àpáta lè kó àwọn molecule jọ sójú kan. Ó dáa, ṣùgbọ́n kíkójọ kọ́ ni síso pọ̀.

Ẹ̀kọ́ kékeré kan tún wà lára Miller. Lẹ́yìn tó kú ní 2007, Jeffrey Bada, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, rí àwọn ìgò kéékèèké tó ti fi pa mọ́ láti bíi 1953, orúkọ wà lára wọn. Ní 2008, ẹ̀rọ ìgbàlódé bá amino acid 22 nínú ìgò ìdánwò tí Miller ṣe kó jọ òkè ayọnáyèéfín. Ká ní kò kọ nǹkan kan sí i lára ni, wọn ì bá ti dà á nù. Nítorí náà, ẹ yéé fi bíkà sílẹ̀ ní láàbù pé "tèmi lèyí tó funfun yẹn". Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ sì lẹ sẹ́lótéèpù lé e, torí acetone máa ń pa yíǹkì rẹ́.