Òùngbẹ ń gbẹ ewé

Ọjọ́ Ẹtì. Òjò àná ò dá títí ilẹ̀ fi mọ́, iná ò tíì dé, Ọjà Ọba tí mo fẹ́ lọ sì di ọ̀la.

Ìyá Ìbejì ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ó rí kéréètì tí mo tẹ́ ewé òdòdó tí mo fẹ́ kó hu ọmọ tuntun sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wá ń sọ fún Kẹ́hìndé tó pọ̀n sẹ́yìn pé: "Òùngbẹ ń gbẹ ewé, wọ́n ń wò ó níran." Kì í ṣe èmi ló bá wí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó ti dé ìsàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde títí di ìsinsìnyí.

Wọ́n ń wò ó níran. Mi ò mọ ohun tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Bóyá nítorí pé lójú ẹni tó ń kọjá, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ewé Graptopetalum, òdòdó kan tí ewé rẹ̀ nípọn tó ń kó omi pamọ́, tí wọ́n já kúrò lára ìyá rẹ̀, tó nà sílẹ̀ lórí páálí gbígbẹ, kò sí erùpẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò kàn án, ara rẹ̀ sì ti ń hunjọ díẹ̀díẹ̀. Ta ló máa rí i tí àánú ò ní ṣe é? Omi ni aájò àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa. Àlejò wọlé, omi. Ọmọ ń wọ́ lọ́wọ́ oòrùn, omi. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́, tó mọ̀ pé gbúre ò gbọdọ̀ gbẹ, ibi ike omi lọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ omi yẹn gan-an ló máa pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, bóyá ọkàn mi á balẹ̀. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní egbò nídìí. Egbò náà tutù, ó ṣí sílẹ̀, kò sì tíì sí gbòǹgbò kankan tí yóò fi mu ohun tí ẹ bá fún un. Bí ẹ bá gbé e lé erùpẹ̀ tútù, ohun tó ń mú nǹkan jẹrà ló máa gba ojú egbò yẹn wọlé. Ìdí ewé á kọ́kọ́ mọ́ gaara, débi pé ìmọ́lẹ̀ á máa gbà á kọjá, á wá rọ̀, á wá dúdú. Tó bá ti mọ́ gaara báyẹn, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́, ẹ jù ú nù kí ó tó ran àwọn tó kù.

Ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbà, tí oòrùn ọ̀sán ò dé, ni ibùgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Nínú òjò Àkúrẹ́ báyìí, tí aṣọ tí a sá sínú ilé ò gbẹ títí ọjọ́ kejì, ẹ fún un ní ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀: tó bá le, tó ṣe gbáragbára bí èépá ojú egbò, ó ti ṣe. Tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì ṣe. Kéréètì ẹyin ni mo fi ń tẹ́ ẹ, oníwèé ni o, kì í ṣe oníke. Páálí máa ń fa omi tó bá sun jáde, ewé kọ̀ọ̀kan sì ń dá jókòó sínú kòtò tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì rí i pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò rí i pé omi wà nínú rẹ̀.

Ìpọn ewé yẹn, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìhunjọ tó ń ṣe, ńṣe ló ń ná ohun tó ti kó pamọ́ sórí ọmọ tó fẹ́ yọ nídìí. Oòrùn pàápàá kì í rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rí i gbà lọ́wọ́ ẹ̀fọ́, torí pé òru ni irú ewé báyìí ń ṣí ihò ara rẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́, á tọ́jú rẹ̀ bí omi kíkan, tí ilẹ̀ bá mọ́ á ti ihò náà pa. Àbámọdá wà lára àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí kíkan yìí. Benjamin Heyne tọ́ ewé rẹ̀ wò ní Íńdíà, ó rí i pé ó kan gan-an láàárọ̀, pé tó bá di ọ̀sán kíkan náà á ti lọ. Lẹ́tà tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1815. Ẹnu lásán ló fi mọ̀ ọ́n.

Àbámọdá náà rèé! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàánú àbámọdá? Wọ́n á já ewé rẹ̀, wọ́n á fi há ara ògiri, tàbí kí ọmọ ilé ìwé fi sáàárín ìwé, ọmọ á yọ létí rẹ̀ yíká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, kò sí erùpẹ̀, kò sí omi. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ohun tí àbámọdá bá dá lòrìṣà ń gbà. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ní in lẹ́yìnkùlé.

Lóòótọ́, kì í ṣe bákan náà. Etí ewé ni àbámọdá ti ń bímọ, níbi tó ti gé wọ́gọwọ̀gọ yẹn, ojú ọmọ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó já a rárá. Ní ti Echeveria àti Sedum, tí ewé tiwọn náà nípọn bíi ti Graptopetalum, ìdí ewé nìkan ni, ní oríta ibi tó ti so mọ́ igi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí ẹ gbà já a fi ṣe pàtàkì ju gbogbo aájò tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn náà lọ. Ẹ má fi abẹ gé e. Ẹ fi ìka méjì mú un nídìí pẹ́kípẹ́kí, ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, títí yóò fi bọ́ fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní odindi, ó máa ń rí ribiti, ó sì máa ń funfun díẹ̀. Tó bá ṣẹ́ láàárín, ó lè wà láàyè fún oṣù mélòó kan, kódà kó ta gbòǹgbò, kò ní bímọ. Ẹ má sì já a lọ́jọ́ tí ẹ bomi rin ìyá rẹ̀, torí ewé tó kún bámúbámú máa ń ṣẹ́ kó tó bọ́.

Mo tún ń rò ó pé bóyá Ìyá Ìbejì jàre. Kì í ṣe lónìí, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ wá jàre. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò á yọ nídìí ewé, tínrín-tínrín, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò tó bá yọ sínú afẹ́fẹ́ tí kò rí ibi tó tutù kàn, á gbẹ, á sì di pé ẹni tó ní sùúrù jù ló pa á. Nígbà náà ni kí ẹ tẹ́ ewé sórí yanrìn, kí ẹ bu díẹ̀ bo gbòǹgbò, kí ẹ má bo ewé, kí ẹ máa fi ike onífífọ́n fọ́n omi síbi gbòǹgbò nìkan ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ọmọ bá ti fẹ̀ tó owó kọ́bọ̀, tí ewé ìyá sì ti gbẹ jọ́kọjọ̀kọ, ẹ rọra yọ ọ́. Tí kò bá fẹ́ yọ, ẹ má fà á. Ó ṣì ń bọ́ ọmọ.

Nítorí náà, ìgbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àbí? Omi kan náà... Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti garawa lọ́wọ́.

Inú mi tún ń bí, mi ò sì mọ̀ bóyá Ìyá Ìbejì ni mo ń bínú sí. Ohun tó ń bí mi nínú ni erùpẹ̀ dúdú. Wọ́n á gbé Echeveria tó lẹ́wà sẹ́bàá títì, wọ́n á gbìn ín sínú erùpẹ̀ dúdú nìkan, nínú ọ̀rá, wọ́n á máa bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ kó lè máa dán, ẹni tó rà á á gbé e délé, ìdí rẹ̀ á ti jẹrà kí oṣù tó parí. Wọ́n á wá ní ilẹ̀ wa ò gbà á. Erùpẹ̀ ni kò gbà á!

Yanrìn tí wọ́n fi ń po kọnkéré ni kí ẹ wá, èyí tó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kúná jù, ńṣe ló ń dì, tó sì ń mú omi sínú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Agolo méjì yanrìn, agolo kan erùpẹ̀ dúdú tí a jọ̀, ìdajì agolo èédú tí a gún wẹ́wẹ́ tó hóró ẹ̀wà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ rin ín, ẹ fún un, ẹ ṣí ọwọ́: tó bá dì ní odidi, ẹ fi yanrìn kún un. Ike yọ́gọ́ọ̀tì náà tó, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Ẹ má fi àwo gba omi sábẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò.

Tí ẹ bá rí èèrà tó ń gun igi rẹ̀, ẹ ṣí ìdí ewé wò. Kòkòrò funfun tó dà bí òwú ti wà níbẹ̀, èèrà ló ń tọ́jú wọn nítorí omi dídùn tí wọ́n ń yọ. Ẹ fi òwú bọ sípíríìtì, ẹ fi nù ún, ẹ tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, torí ẹyin wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó bèèrè níjọ́sí bóyá ewé aloe vera náà máa ń hù: kì í hù. Ẹni tó bá gé ewé aloe vera rì mọ́lẹ̀, sísin ló ń sin ín. Ọmọ tó yọ nídìí rẹ̀ ni kí ẹ yà, nígbà tó bá ga tó ìka ọwọ́ tó sì ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú egbò rẹ̀ gbẹ, ẹ gbìn ín, kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bu omi sí i. Ní ti igi orò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gé e. Oje funfun yẹn kò gbọdọ̀ kan ojú.

Òùngbẹ ń gbẹ ewé, wọ́n ń wò ó níran. Tí mo bá ń pè é báyìí, ó ti ń dún bí orin. Kò dùn mí mọ́ bíi ti àárọ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀ tó tún ráyè ṣàánú ewé tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Àmọ́ n kò ní bomi rin ín.

Ojà-ìkookò, èyí tí wọ́n ń pè ní Sansevieria, ló kàn tí òjò bá dá. Èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewéko látòkè délẹ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ gé sí ègé-ègé, gígùn ìka kan ìka kan, kí n tẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n wá rì í mọ́ yanrìn ní ìwọ̀n ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Ó ń pẹ́ o, oṣù méjì kí gbòǹgbò tó yọ, ó lè ju oṣù mẹ́ta lọ kí ọmọ tó yọjú. Èyí tó ní etí yẹ́lò, ẹ má gé ewé rẹ̀ rárá, torí ọmọ tó bá tara ègé ewé jáde kì í ní yẹ́lò yẹn mọ́. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ là, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ègé tó bá sì dorí kodò nínú yanrìn ò ní ta gbòǹgbò láé, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti wà nílẹ̀ tán, òkè àti ìsàlẹ̀ wọn jọra. Kí ẹ tó gé èkejì, ẹ ti fi abẹ gé igun ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ díẹ̀ ṣe àmì.