Ẹrẹ̀ Abẹ́ Odò Májídùn

Ní òwúrọ̀ tí a lọ sórí odò Májídùn, ní Ìkòròdú, omi náà tòrò débi pé bàbá tó ń tukọ̀ wa bi mí ohun tí mo tún ń wá. Mo ní, "Bàbá, ẹrẹ̀ ni." Òjé (lead), irú irin olóró tí mo wá yẹ̀ wò, kì í sábà pẹ́ nínú omi tó ń ṣàn, ara ẹrẹ̀ kíkúnná ló máa ń lẹ̀ mọ́, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn tó ń wa yanrìn yóò fi rú u sókè. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò omi nìkan kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹrẹ̀ tí mo bù dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́; síbí ike ni mo lò, nítorí síbí irin lè da èsì rú.