Ìbàdí Ta Ló Wà Nísàlẹ̀?

N kò ga. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ mi, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ gùn gbọọrọ, fi oṣù mẹ́fà kọ́ mi ní uchi-mata, èyí tí a fi ń ti ẹsẹ̀ bọ àárín itan ẹni tí a dì mú kí a sì gbé e sókè. Ẹsẹ̀ tèmi kì í ga débẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣubú. Mo rò pé agbára ni n kò ní.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi lọ́jọ́ kan nítòsí ààfin Ṣọ̀ún, níbi tí ìyá kan ti ń pọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìbàdí sẹ́yìn sábẹ́ ọmọ náà, ọmọ sì jókòó pẹ́ẹ́. Seoi-nage, ọ̀nà tí a fi ń gbé ẹni sẹ́yìn kí a tó dá a, kò yàtọ̀ sí èyí, nítorí gbígbé nǹkan sẹ́yìn ni seoi túmọ̀ sí lédè Japan. Ìwúwo ènìyàn tó dúró kó jọ sí ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀ díẹ̀. Bí ìbàdí rẹ bá ti wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, tí o sì ti fa ẹni náà síwájú kí ìdúró rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ ni gbogbo rẹ̀ yóò dà lé. Ẹni kúkúrú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ láìtíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni gíga gbọ́dọ̀ ká orúnkún gan-an, orúnkún ló sì ń san gbèsè náà, nítorí náà ló ṣe sàn fún un kó lo o-soto-gari, kó fi àyà tẹ èkejì láti òkè, kó sì gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ohun tí Teddy Riner, ọ̀gá júdò ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ga ju mítà 2 lọ, máa ń ṣe nìyẹn.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín pé kúkúrú borí ohun gbogbo. Toshihiko Koga, ọmọ Japan tó jẹ́ ọ̀gá nínú seoi-nage, gba góòlù ní ìdíje Olíńpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992 láàárín àwọn tí kò wọ̀n ju kílò 71 lọ. Ní 1990 ó bá àwọn tó tóbi jù ú lọ díje nílé ní Japan, ó sì dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Naoya Ogawa, òmìrán gidi, dá a níbẹ̀.

Gíga nìkan kọ́ ni à ń wò, nítorí ẹni méjì lè ga dọ́gba kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ. Kí n tó di ẹnikẹ́ni mú báyìí, ibi tí ó so ìgbànú mọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Olùkọ́ mi ṣì ń sọ pé mo jẹ òun ní gbèsè uchi-mata.