Dádì àti ẹyẹlé funfun

January 15 lòní o, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà, torí ọjọ́ yẹn ni ogun Bìáfírà parí ní 1970. Bí wọ́n ṣe ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ lórí tífí báyìí ni mo yíjú wo Dádì, wọ́n ti fi báàjì sáyà látàárọ̀, ojú wọn ò kúrò lára àwọn ẹyẹ yẹn. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ogun rárá o, ohun tá a kàn mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da oúnjẹ nù nílé wa (ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sójà gbélé, ẹ mọ̀ ọ́n). Mo ní, "Dádì, ta lẹ rántí?" Wọ́n dákẹ́ títíii. "Lọ wo omi tí mo gbé kaná, màmá ẹ fẹ́ wẹ̀."